Èéfín Tí Mo Ṣe, Ilẹ̀kùn Tí Wọ́n Tì

Ìyá mi ní ikọ́ fée. Mo fẹ́ kí èyí ṣáájú, nítorí òun ni gbogbo àwọn tó dá sí ọ̀rọ̀ yìí máa ń gbàgbé láti mẹ́nu kàn. Kì í ṣe àṣírí. Ẹni tó bá ti jókòó tì í rí ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà ọyẹ́ ti gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń súfèé, ó sì ti rí ike kékeré aláwọ̀ búlúù tó máa ń fín sọ́nà ọ̀fun, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ínhélà. Àbúrò bàbá mi mọ̀. Òun gan-an ló gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù ní Òmù-Àrán lọ́dún tí bàbá mi kú, nígbà tí ẹkún fẹ́rẹ̀ẹ́ gba èémí lẹ́nu rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé àwọn ò mọ̀, irọ́ ni.

Èmi ni mo ń bá a gbé. Kẹ́místírì ni mo kà ní yunifásítì ní Ìlọrin, òun náà ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà kan ní Ẹ̀sìẹ́, níbi tí láàbù wa ti ní tábìlì mẹ́rin àti ẹ̀rọ omi kan tí mi ò rí omi lẹ́nu rẹ̀ rí. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti lọ. Ọ̀kan wà ní Àbújá, èkejì ti sọdá òkun. Èmi tí mo kù sílé ni gbogbo ẹbí ń pè ní Tíṣà, ohunkóhun tó bá sì ti ní iná, bátìrì tàbí fọ́ọ̀mù ìjọba nínú, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé e wá.

Bẹ́ẹ̀ ni àbúrò bàbá mi ṣe gbé fóònù rẹ̀ wá ní ọ̀sán Sátidé kan, nígbà tí òjò ọdún náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbẹ́nu dúró. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, òun sì ni alága ìgbìmọ̀ ìkórè ìjọ wa lọ́dún náà. Kò tíì jókòó tó fi na fóònù sí mi lójú.

"Tíṣà, wo nǹkan."

Fídíò ìgbéyàwó kan ni, láti Ìlọrin. Ìyàwó àti ọkọ ń rìn jáde láti inú èéfín búlúù àti yẹ́lò, bíi pé ojú ọ̀run ló tú wọn sílẹ̀.

"Ṣé o lè ṣe é?"

"Mo lè ṣe é, sà, ṣùgbọ́n—"

"Mi ò béèrè ṣùgbọ́n. Mo ní ṣé o lè ṣe é."

"Ẹ kúkú rà á, Bàbá. Wọ́n ń tà á."

Ó wò mí bí ẹni pé mo bú u. "A ní ọmọ tó ka Kẹ́místírì nílé, a ó tún máa lọ ra èéfín?"

Mo ṣàlàyé fún un pé kì í ṣe nǹkan inú ilé. Ó ní ta ló sọ inú ilé? Ìta ni, iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, bí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá ti ń jó bọ̀ fún ìdúpẹ́, kí èéfín aláwọ̀ ẹgbẹ́ wọn máa rú níwájú wọn. Ó ní àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó ń bọ̀ nílé fún ìkórè, kí wọ́n wá rí i pé ojú ti là níbí náà. Ó ní báńgà là bá yìn bíi tàtijọ́, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá ò gbà fún báńgà mọ́. Èéfín kì í pariwo, ta ni yóò fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn?

Mo ti ń wá ọ̀nà tí mo máa gbà sọ pé rárá. Mi ò rí i sọ. Ìyá mi ti wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn láti ìgbà tó ti wọlé. Ìyá mi fi ọdún mélòó kan ju ọkùnrin yìí lọ, ṣùgbọ́n ó ti tó ọ̀dọ́ nílé kí wọ́n tó gbé ìyá mi wọlé, nítorí náà ọkọ rẹ̀ ni, títí láé ni. Akọ̀wé ni orúkọ tó sọ ọ́ látìgbà ìyàwó, òun náà ló ṣì ń pè é.

"Ẹ má bínú, Akọ̀wé wa," ló wí. "Ó máa ṣe é."

"Ìyàwó wa ti gbà," ni Akọ̀wé wí, ó sì fi fóònù rẹ̀ sápò.

Ẹ̀bi àkọ́kọ́ nìyẹn, mo sì kà á sí i lọ́rùn: ó gba ìdáhùn lẹ́nu ẹni tí kò lè kọ̀ fún un, ó sì fi dè mí.

Mi ò ní kọ ìwọ̀n ohunkóhun síbí. Mo ti rí ohun tí àwọn ènìyàn ń ṣe sí ìwé tí a bá kọ ìwọ̀n sí. Ibi tí a bá ti sọ pé ṣíbí kan ni wọ́n á ti bu mẹ́ta, kí ó lè dáa. Ohun tí mo lè sọ ni bí mo ṣe ṣe é, nítorí wọ́n padà sọ pé àìbìkítà ni mo fi ṣe é. Ẹ̀yìn láàbù ni mo ti ṣe é, lábẹ́ páànù tí kò ní ògiri, ní àwọn Sátidé tí kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kankan nínú ọgbà. Mo wọ ìbòmú, mo wọ gíláàsì tó bo ojú yíká, mo wọ aṣọ òwú, nítorí ọ̀rá àti nálọ́ǹ máa ń yọ́ mọ́ ènìyàn lára tí iná bá tà sí i. Mi ò gbé e ka orí ààrò tàbí sítóòfù, nítorí ohun tí a ṣe kí ó lè jó kò gbọdọ̀ fojú kan iná kí àsìkò rẹ̀ tó dé. Orí àwo irin tí iná mànàmáná ń mú gbóná ni, ooru díẹ̀díẹ̀, mi ò sì yẹsẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n mú iná lọ nígbà tí nǹkan náà ti ń dì. Ẹlòmíràn á ti gbé e lọ sórí èédú. Èmi bomi lé e, mo dà á nù, mo sì dúró de Sátidé mìíràn.

Agolo tòmátò kéékèèké ni mo kó o sí. Mi ò dé wọn pa. Ohun tó bá ń jó tí kò rí ọ̀nà jáde kì í ṣe èéfín mọ́, ìbọn ni. Tíṣà tó ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ àgbẹ̀ wá wo méjì tí mo fi dán an wò ní pápá. Ọ̀kan rú fùù, pupa bí ẹ̀jẹ̀ rúsúrúsú. Èkejì dákẹ́. Ni arákùnrin yìí bá ń rọra rìn lọ síbẹ̀ láti lọ gbé e wò.

"Ẹ dúró!"

"Ó ti kú, Tíṣà."

"Ta ló sọ fún yín pé ó ti kú? Ẹ padà wá jókòó."

Mo mú un jókòó títí oòrùn fi yí kúrò lórí páànù. Lẹ́yìn náà ni mo gbé kẹ́tùlù olómi, mo na apá mi jìnnà, mo sì dà á lé e lórí títí agolo fi kún. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Kẹ́místírì yìí, ojo gidi ni." Mo jẹ́ kó rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì wà lára rẹ̀ lónìí.

Agolo mẹ́fà ló kù: méjì búlúù fún àwọn ọ̀dọ́, méjì yẹ́lò fún ẹgbẹ́ àwọn bàbá, méjì pupa fún ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Mo tò wọ́n sínú àpótí tí mo da iyanrìn gbígbẹ sí. Mo sì kọ ìwé kan ní èdè Yorùbá, ojú ewé kan ṣoṣo, mo kà á fún ìgbìmọ̀ ìkórè ní ìrọ̀lẹ́ Tọ́sìdeé. Mo ní ìta gbangba nìkan ni, kí a gbé agolo sínú báàfù irin tí iyanrìn wà nínú rẹ̀, kí a fi igi gígùn tan án, kí ẹni tó ń tan án kọ ẹ̀yìn sí ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe dì í mọ́wọ́ bó bá ń jó, kí omi wà nítòsí, kí aláìsàn ikọ́ jìnnà sí i. Mo ní èmi nìkan ni kí ó tan án. Akọ̀wé gba ìwé náà, ó fi jígí ojú rẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀.

"Yorùbá ẹ dára," ló wí. "Àmì ohùn rẹ̀ pé." Ó ká a, ó sì fi í sínú Bíbélì rẹ̀.

Èmi náà ní ẹ̀bi tèmi, mi ò sì ní bò ó. Mi ò béèrè nípa ilẹ̀kùn.

Ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ ìjọ wa lè má mọ̀ pé bí a bá ti ń parí ìdúpẹ́ ìkórè, wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Láyé ìgbà kan, ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ jó tán á gba ilé lọ sídìí iyán, nígbà tí yóò bá fi kan ẹgbẹ́ ìkẹyìn, Pásítọ̀ àti àga nìkan ni wọ́n á máa jó fún. Ni Pásítọ̀ kan bá pàṣẹ, kí wọ́n tó bí mi, pé bí ẹgbẹ́ ìkẹyìn bá ti wọlé, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹnikẹ́ni má jáde títí a ó fi ṣe oore-ọ̀fẹ́, àdúrà ìparí. Pásítọ̀ náà ti lọ, àwọn márùn-ún ti jẹ lẹ́yìn rẹ̀. Àṣẹ ò lọ. Irin wà lójú gbogbo fèrèsé nítorí àwọn olè. Olórí àwọn ọ́ṣà tó ń darí èrò nínú ìjọ, bàbá káfíńtà kan tó gbẹ́ àwọn ilẹ̀kùn náà fúnra rẹ̀, ló ń tì wọ́n, kọ́kọ́rọ́ á sì wà nínú àpò agbádá rẹ̀. Látìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti ń jókòó sínú ilẹ̀kùn títì yẹn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ó ti mọ́ mi lára débi pé mi ò rí i bí ilẹ̀kùn títì mọ́. Ìta ni mo ń rò. Mi ò ro inú.

Ọjọ́ ìkórè, ọyẹ́ dé pẹ̀lú atẹ́gùn rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ló kọ́kọ́ ń jó bọ̀. Mo tan búlúù. Ó rú dáadáa, ó ga tó ènìyàn mẹ́ta, atẹ́gùn sì gbá a mú, ó kọjú rẹ̀ sí oko ẹ̀gẹ́ tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó lọ. Àwọn tó wà nínú ilé kò rí nǹkan kan. Ti àwọn bàbá náà, yẹ́lò, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Akọ̀wé jáde wá, ó ń nu ojú.

"Èéfín dà?"

"Ó ti lọ sóko, sà."

"Ṣé àwọn ará oko la ń ṣe é fún ni?"

"Èmi kọ́ ni mo ni atẹ́gùn, Bàbá."

Ó wo àwọn ọmọ Èkó tí wọ́n kó fóònù sókè, tí wọn ò rí nǹkan kan yà. Ó wo àpótí mi, níbi tí agolo pupa méjì kù sí. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ti ń tò, ìyá mi wà láàárín wọn, eruku ọyẹ́ sì ti ń jẹ ẹ́ lọ́fun. Mo ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀ láti ibi tí mo wà.

"Wọlé lọ bá ìyá ẹ mú ínhélà rẹ̀," ni Akọ̀wé wí. "Ó ní inú báàgì lórí ìjókòó ló wà. Mo máa bá ẹ dúró ti ìwọ̀nyí."

Mo lọ. Ẹ̀bi mi kejì nìyẹn. Mo fi àpótí sílẹ̀ sọ́wọ́ ẹni tó ka òfin mi tó sì yìn ín.

Iwájú ni ìjókòó ìyá mi wà. Kí n tó rí báàgì rẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn ìyá ti ń jó gba àárín ilé bọ̀, orin ti gòkè, òun pẹ̀lú ti wà nínú wọn. Mo fi ínhélà sí i lọ́wọ́ bó ṣe dé ọ̀dọ̀ mi. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Mo yíjú sẹ́yìn, mo sì rí Akọ̀wé níbi tí obìnrin ìkẹyìn ti wọlé, níbi tí àárín ilé ti bẹ̀rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú ìkòkò òdòdó kan. Ó ti gbé agolo méjèèjì sínú rẹ̀. Ìṣáná ló fi tan wọ́n, ìṣáná lásán, pẹ̀lú ọwọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, olórí àwọn ọ́ṣà ti ilẹ̀kùn ńlá pa, ó yí kọ́kọ́rọ́, ó sì kó ìdì kọ́kọ́rọ́ sápò gẹ́gẹ́ bí àṣẹ.

Èéfín náà dìde. Kí n sọ òótọ́, ó lẹ́wà. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan ké láti ọ̀dọ̀ àwọn akọrin pé, "Ògo ti sọ̀kalẹ̀ o!" Gbogbo fóònù dìde. Lẹ́yìn náà ni kò rí àyè mọ́ lókè, ó kan àjà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí padà bọ̀ wá sórí wa.

Ikọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó ń bọ̀ níwájú láti ìjókòó dé ìjókòó. Ìyá mi ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ti fín ínhélà lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ rẹ̀ sì ti di èjìká mi mú bí ìgbà tí ènìyàn bá di ẹ̀ka igi mú lójú odò. Èjìká rẹ̀ ń gòkè, ń sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan kan kò wọlé. Mo fi ìborùn bo imú rẹ̀, mo mú orí rẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀ níbi tí èéfín kò tíì nípọn, mo sì sáré lọ síbi ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́. Títì. Olórí àwọn ọ́ṣà ti dúró síbẹ̀ níwájú rẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ ṣílẹ̀kùn!"

"A ò tíì ṣe oore-ọ̀fẹ́."

"Bàbá, èéfín ni!"

"Mo rí i, ọmọ mi. Mo rí i. Jẹ́ kí Pásítọ̀ ṣe oore-ọ̀fẹ́."

Kì í ṣe ìkà. Ohun tó bí mi nínú jù nìyẹn títí di òní, pé kì í ṣe ìkà. Ó ń wo ọ̀dọ̀ pẹpẹ pẹ̀lú ojú ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti wà nínú àpò lórí kọ́kọ́rọ́, ó kàn ń dúró. Mo bojú wẹ̀yìn, mo ní àwọn ènìyàn á ti máa ya bọ̀ láti fọ́ ilẹ̀kùn. Kò sí ẹni tó ń bọ̀. Wọ́n wà lórí ìdúró, aṣọ lẹ́nu, wọ́n ń wúkọ́, wọ́n ń dúró. Obìnrin kan tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bì fọwọ́ kàn mí lápá.

"Àǹtí, ẹ ní sùúrù. Ó kù díẹ̀."

Pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀. "Oore-ọ̀fẹ́—" Ikọ́ gbà á. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó tún gbà á. Nígbà kẹta ni ìjọ bá a gbé e, gbogbo ìjọ, nínú ikọ́, pẹ̀lú ojú dídì, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọn ò fo ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n ṣe Àmín, wọ́n sì fà á bí wọ́n ṣe máa ń fà á, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta.

Ìgbà náà ni bàbá yọ kọ́kọ́rọ́. Ojú rẹ̀ kò ríran mọ́. Ó ń fi kọ́kọ́rọ́ ha igi ilẹ̀kùn tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́, kò rí ojú ihò. Mo já ìdì náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kẹta ló ṣí i. Ìṣẹ́jú mélòó ni gbogbo rẹ̀? Mi ò wo aago. Ẹni tó bá ní òun wo aago níbẹ̀, irọ́ ló ń pa. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí mo padà dé ọ̀dọ̀ ìyá mi, ètè rẹ̀ ti dà bí ìgbà tí ènìyàn bá jẹ ọsàn àgbálùmọ̀ tí kò pọ́n tán, kò sì mọ̀ pé èmi ni mo gbé òun.

Ọkọ̀ akérò kan ló gbé wa dé Òmù-Àrán. Mo ń fi ínhélà sí i lẹ́nu lójú ọ̀nà, mo ń ka èémí rẹ̀. Ibi tí mo ti ń retí èkejì lẹ́yìn èkíní ni mi ò fẹ́ kọ síbí. Wọ́n fi afẹ́fẹ́ ọ́síjìn sí i nímú. Dókítà tó gbà wá kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Ó wo èmi àti ìyá mi, gèlè, ìró, ojú, gbogbo rẹ̀ pupa rúsúrúsú.

"Mà, kí lẹ ń ṣe?"

"Ìkórè."

"Nínú ilé?"

"Nínú ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ẹ ò wá sáré jáde?"

Mo fi ìborùn nu ojú ìyá mi.

Ọjọ́ mẹ́rin ló lò níbẹ̀. Ó mí. Mo dúpẹ́ pé ó mí. Ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ kò padà sí bó ti wà tẹ́lẹ̀. Ó ń rìn láti yàrá dé ibi ìdáná, á sì dúró láàárín méjèèjì bí ẹni tó gbàgbé nǹkan. Bí mo bá pa ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ dé nítorí ẹ̀fọn, á dìde jókòó. "Ṣí i díẹ̀," ló máa ń wí. "Ẹ̀fọn yẹn ò ní jẹ mí pa."

Ní gbogbo àsìkò yìí ìgbìmọ̀ ìkórè ti jókòó. Wọn ò pè mí. Ẹjọ́ tó kọ́kọ́ wà nílẹ̀ fún wọn ni aṣọ funfun ẹgbẹ́ akọrin, tó ti di aláwọ̀ ẹ̀pà sísè, tí kò sì jáde pẹ̀lú ọṣẹ kankan. Lẹ́yìn aṣọ ni wọ́n tó dé orí ènìyàn. Wọ́n ní èéfín náà "lágbára jù." Wọ́n ní ẹni tó ṣe é "kò ṣàlàyé tó." Ìwé tí mo kọ, tí mo kà sétí gbogbo wọn, tí àmì ohùn rẹ̀ pé, kò sí ẹni tó rántí rẹ̀. Wọ́n kọ lẹ́tà kan ní orúkọ mi, lẹ́tà ìtọrọ àforíjì, wọ́n fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ fún ọwọ́ mi. Akọ̀wé ló gbé e wá. Ìyá mi fẹ́ kúnlẹ̀. Akọ̀wé ní kó jókòó, kò gbọ́, ó kúnlẹ̀, èémí ẹ̀ sì gbé e dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó lè dìde.

Mo ka lẹ́tà náà tán. "Bàbá, ta ló tan iná sí i?"

"Ọ̀rọ̀ kì í ṣe ta ló tan án."

"Ta ló gbé e wọnú ilé?"

"Atẹ́gùn ni. Ìwọ fúnra ẹ lo sọ pé atẹ́gùn ni."

"Ta ló ti ilẹ̀kùn?"

"Ilẹ̀kùn ti wà ní títì kí wọ́n tó bí ẹ!" Ó nu ojú rẹ̀. Ó rọ ohùn sílẹ̀. "Tíṣà, gbọ́. Mi ò ní kí o pa ènìyàn. Fọwọ́ sí i, kí wọ́n kà á, kí ó tán. Bí o ò bá fọwọ́ sí i, ẹgbẹ́ àwọn ìyá ti ní àwọn á yọ orúkọ ìyàwó wa kúrò títí ọ̀rọ̀ á fi yanjú. Ṣé o fẹ́ kó jókòó sílé lọ́jọ́ ìsinmi?"

Ẹ wo ọgbọ́n rẹ̀. Ẹni tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fi èéfín pa ni wọ́n tún ń fi dẹ́rù bà mí. Mo ti fẹ́ ya ìwé náà.

"Fọwọ́ sí i," ni ìyá mi wí. Ó mí. "Bàbá ẹ wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì yẹn." Ó tún mí. "Níbẹ̀ ni mo fẹ́ kí wọ́n gbé mi lọ, bó bá yá. Ẹni tí kò lè mí dáadáa kì í bá ìjọ jà, ọmọ mi."

Mo ń gbọ́ àyà rẹ̀ láti ibi tí mo jókòó sí. Mo wá ronú pé ọjọ́ ìsinmi mìíràn á dé, ìkórè mìíràn á dé, obìnrin yìí á sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà sínú ilé yẹn, wọ́n á sì tún yí kọ́kọ́rọ́ lé e.

"Mo máa fọwọ́ sí i," ni mo wí, "bí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ bá wà lọ́wọ́ mi. Gbogbo ìsìn. Ilẹ̀kùn yẹn ò gbọdọ̀ tì mọ́, oore-ọ̀fẹ́ o, ìkórè o."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé mo béèrè ohun ńlá. "Kọ́kọ́rọ́ lásán? Ìwọ náà fẹ́ di ọ́ṣà?"

Ó mú un wá lọ́jọ́ kejì. Mo fọwọ́ sí lẹ́tà. Wọ́n kà á lórí pẹpẹ, ìjọ ní kí Ọlọ́run dárí jì mí, àwọn kan tilẹ̀ wá gbá mi mọ́ra lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ní mo nígboyà. Gbogbo ohun tó wà nínú lẹ́tà yẹn, àfi orúkọ mi, irọ́ ni.

Ní báyìí, ibi ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ni mo ń jókòó, ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi. Ọ̀rẹ́ mi kan ṣe ìdúpẹ́ ìgbéyàwó ní Ìlọrin, mi ò lè lọ. Ibà dè mí mọ́lẹ̀ lóṣù tó kọjá, mo fi aṣọ ọ̀tútù bora lọ. Ta ni mo fẹ́ gbé kọ́kọ́rọ́ fún? Bí mo bá gbé e fún ẹnikẹ́ni nínú wọn, yóò tì í. Kì í ṣe pé ó burú, ọwọ́ rẹ̀ á kàn yí i ni. Èmi tí mo ń sọ nígbà kan pé mo máa wá iṣẹ́ lọ sí Ìlọrin, mo ti di òpó ilẹ̀kùn.

Ẹjọ́ mìíràn sì ti dé. Bàbá kan tí ìtọ̀ ń dà láàmú ló kọ́kọ́ gba ẹ̀gbẹ́ mi jáde kí oore-ọ̀fẹ́ tó pé, ó sì padà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìyá ọlọ́mọ ọwọ́ kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn tí nǹkan kan ò ṣe, tí iyán kàn ń pè. Akọ̀wé bá mi lẹ́yìn ìsìn.

"Ìwọ lò ń tú ìjọ ká o, Tíṣà. Mẹ́sàn-án ló gba ẹ̀gbẹ́ ẹ jáde lónìí. Mo kà wọ́n."

"Mẹ́wàá ni, sà. Ẹ ò ka ìyá mi."

Òótọ́ ni. Ní orin ìkẹyìn ni ìyá mi dìde, ó fi ọwọ́ kan èjìká mi bó ṣe ń kọjá, ó ní, "Mò ń lọ mí díẹ̀." Ojú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e títí ó fi jáde. Mo rí i láti ibi tí mo wà, ó jókòó sábẹ́ igi kajú, ó na ẹsẹ̀, ó yọ bàtà, èjìká rẹ̀ sì sọ̀kalẹ̀. Mo fẹ́ dìde lọ bá a. Olórí àwọn ọ́ṣà ń wo ilẹ̀kùn náà láti òdìkejì. Mo padà jókòó, mo na ẹsẹ̀ kan sí ẹnu ilẹ̀kùn kí ó má lè padé, mo sì ń dúró de oore-ọ̀fẹ́.